Obìnrin Aláìlórí Tó Bá Nosrat Bọ̀ Láti Vienna

Nosrat kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta ní Vienna tí Ashraf fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán lọ́fíńdà ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí.

"Ẹ wo bí ìgò yìí ṣe rí rèǹtè," ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ o. Mo kàn ń wo ẹwà rẹ̀ ni."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ Nosrat ni Ashraf, ìyálé rẹ̀ nínú ilé Karbasi ní Yazd, ní orílẹ̀-èdè Iran, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí Nosrat ń lọ, tí wọ́n gbé Kùránì sókè kó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì da omi tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀ kó lè tètè bọ̀, Ashraf yìí kan náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ẹbí, tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra.

"Nosrat, bí o bá fi ra abẹ́rẹ́ lásán fún mi, mi ò ní dárí jì ọ́. Àlàáfíà ara rẹ ni kí o gbé bọ̀. Ìyẹn ni ẹ̀bùn àjò tèmi."

Ahmad, ọkọ Ashraf, ní òkúta ojú títì lásán, bó bá ti ọwọ́ Nosrat wá, wúrà ni lójú òun. Àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní fọ́tò kan ti tó. Kò sí ọmọ Yazd tí kò mọ ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu síìpù àpótí rẹ. Bí o bá wá lọ gbà á gbọ́, o ti bú u nìyẹn, ó sì máa rò ó fún ọmọ àti ọmọọmọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò purọ́. Bíbí ni, ìyá ọkọ wọn, arúgbó ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ni ilé. Ó fa Nosrat mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí: "Bá mi ra rọ́bà ìdí ṣòkòtò, dúdú, èyí tí kì í dẹ̀. Ti ibí ń dójú tì mí níwájú àlejò."

Mahin, àbúrò Nosrat, tó ti lo ogún ọdún ní Vienna, ló wá ń fà á láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká mú ṣokoléètì oníbébà wúrà yìí, páálí mẹ́wàá. Gbogbo ayé ló ń rà á."

"Ta ni bàbá onírun funfun tí wọ́n yà sórí rẹ̀ yìí?"

"Olórin ni. Ó ti kú tipẹ́."

"Ó sì tún ń ta ṣokoléètì? Ikú kò jẹ́ kó sinmi." Nosrat dá a padà. Ó mú bọ́ọ̀lù onígíláàsì kan tí yìnyín ń rọ̀ nínú rẹ̀ sórí ilé kékeré, ó mì í, ó wò ó. "Bí mo bá fún Ashraf ní èyí, á ní ilé tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kí n rà."

"Ẹ mú lọ́fíńdà yẹn fún un, kẹ́ ẹ sì ní ìsinmi."

"Tí mo bá mú lọ́fíńdà fún Ashraf, kí ni mo fẹ́ mú fún àwọn ọmọ rẹ̀? Kí ni mo fẹ́ mú fún ọkọ rẹ̀, àtàwọn àna rẹ̀, àti aládùúgbò tó ń bá a wo tẹlifíṣọ̀n? Kílò mẹ́tàlélógún ni wọ́n fún mi nínú bàálù, Mahin. Igba kílò ni ojú wọn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n lọ sí ọjà àlòkù. Nosrat fẹ́ràn ibẹ̀ ju àwọn ìsọ̀ oníná lọ. Ọwọ́ aránṣọ ló ní. Ó ń fọwọ́ pa aṣọ tábìlì àtijọ́, ó ń yí bọ́tìnnì wò. Ó yà lọ́wọ́ òsì, ó sì dúró gbagidi.

Dọ́mì télọ̀ ni. Obìnrin aláìlórí, aláìlápá, aṣọ aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bò ó, ó dúró lórí ẹsẹ̀ igi kan tó ní irin nísàlẹ̀. Àmì abẹ́rẹ́ kún èjìká rẹ̀ bí ojú ẹni tí ṣàǹpọ̀nná bá jà. Ẹnìkan ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ránṣọ lára obìnrin yìí.

Láti ọdún tí Nosrat ti wọ ilé Karbasi ló ti ń ránṣọ fún gbogbo wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Kò ní dọ́mì. Ara rẹ̀ ló ń gún ní abẹ́rẹ́ níwájú dígí, tàbí kó wé aṣọ mọ́ ìrọ̀rí gígùn Bíbí. Nígbà tí Jalal ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún méje sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ fi yàrá iwájú, èyí tó kọjú sí títì, ṣe ìsọ̀ ìránṣọ. Ashraf ló fọhùn. "Opó Karbasi á wá gbé pátákó télọ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà? Kí ni aráyé máa wí?" Aráyé ò wí nǹkan kan. Ashraf ló ń bá wọn wí i. Yàrá iwájú sì di ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí lókè, níbi ìjókòó ọlá, lọ́jọ́ Jímọ̀, lórí tìmùtìmù pupa, tó ń mu tíì.

Nosrat yọ téèpù nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Òun àti téèpù kì í ya ara wọn. Ó wọn àyà: sẹ̀ǹtímítà ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ. Ó wọn ìbàdí: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wọn ìdí: ọgọ́fà gééré. Ó tún un wọ̀n. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé bàbá tó ń tajà dìde.

"Kí ló dé?" Mahin bi í.

"Mahin, mo mọ obìnrin yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ fún un. Ashraf ni! Ashraf tí kò lẹ́nu!"

Mahin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń bá bàbá náà ná an, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Bẹ́ ẹ bá gbé nǹkan yìí, kò ní sáyè fún páálí ṣokoléètì kan. Gbogbo wọn á jókòó yí àpótí yín ká, ẹ óò sì ṣí i níwájú wọn. Wọn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ máa dá wà nínú ilé yẹn."

"Mo ti ń dá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tipẹ́."

"Kí lẹ máa wá sọ fún wọn?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni. Télọ̀ ni mí, Mahin. Ìwọ̀n tí oníbàárà bá fẹnu ara rẹ̀ pè ni mo fi ń gé aṣọ. Bó bá fún un pa, kó lọ bi ẹnu rẹ̀ léèrè."

Wọ́n tú ẹsẹ̀ igi náà, wọ́n fi súwẹ́tà wé e. Ara dọ́mì kún àpótí dẹ́nu. Inú rẹ̀ tó ṣófo ni Nosrat ki rọ́bà dúdú Bíbí sí, ìdì méjìlá, èyí tó fà títí nínú ìsọ̀ tí ẹni tó ń tà á fi bẹ̀ ẹ́. Níwájú ilé Mahin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan lójú títì, ó fi omi fọ̀ ọ́. Ó ya fọ́tò kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́rin.

Ní pápákọ̀ òfurufú Tehran, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kó ṣí àpótí. Ó wo inú rẹ̀, ó wo Nosrat.

"Màmá, orí rẹ̀ dà?"

"Ó wà ní Yazd, ọmọ mi. Ó ń kọ̀wé sórí Wọ́sáàpù."

Wọ́n ti sun èédú àti èso ìléjú-burúkú sílẹ̀ dè é nígbà tó délé, èéfín gba ẹnu ọ̀nà kan. Gbogbo wọn jókòó sí yàrá iwájú, Ashraf lókè lórí tìmùtìmù pupa, Ahmad lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yí wọn ká. Tíì wà ńlẹ̀, àkàrà adídùn wà ńlẹ̀. Àpótí jókòó sáàárín kápẹ́ẹ̀tì bí ìyàwó tuntun.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, Nosrat," Ashraf wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára síìpù. "Ó ti rẹ̀ ọ́. Àpótí lè dúró dọ̀la."

"Ẹ ṣeun, ìyálé mi. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́." Nosrat fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé tíì, ó fi ṣúgà sẹ́nu, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ahmad wúkọ́. Elaheh, ọmọbìnrin Ashraf tí ìdána rẹ̀ ku oṣù kan, wo ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kó ṣí i, nítorí wọ́n ti ní kó má ṣí i. Nosrat bu tíì kejì.

"Rọ́bà mi ńkọ́?" Bíbí pariwo láti kọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ó wà ńbẹ̀, Bíbí." Nosrat fa síìpù.

Ọmọ kékeré kan figbe ta. Nosrat gbé ara obìnrin aláìlórí jáde, ó ki ọwọ́ sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fa rọ́bà yọ bí ẹni ń yọ ìfun adìyẹ, ó kó ìdì méjèèjìlá lé Bíbí lọ́wọ́. Ó fi òkúta sí àtẹ́lẹwọ́ Ahmad. Ó pín fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níkẹyìn ó lọ dúró níwájú Ashraf, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó yípo lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyálé mi, àlàáfíà ara mi nìyí. Mo gbé e bọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n gbé e bọ̀. Kò sí ibi tó ti ya."

Ojú Ashraf di pupa, ó di dúdú. "O bú wa, Nosrat. O lọ sí Yúróòpù, o gbé pàǹtí bọ̀! Kí ni rọ̀bọ̀tọ̀ oníkùn yìí? Ta ló bí irú ìdí yìí?"

"Àyà, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ. Ìbàdí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìdí, ọgọ́fà." Ohùn Nosrat kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Bóyá ẹ mọ ẹni tó ni ín. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọ̀n ọ́n, kò sọ 'o ṣé' lẹ́ẹ̀kan."

Elaheh fi fọ́tò bo ẹnu. Èjìká Ahmad ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó tẹ orí ba, ó ń yẹ òkúta rẹ̀ wò bíi pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ní kọ̀rọ̀, Bíbí ń fa rọ́bà, ó ń fi í sílẹ̀, tàú, tàú. "Ó ń padà!" ó wí. "Ẹ wò ó, ó ń padà!"

Nosrat kọjú sí i, ó kúnlẹ̀.

"Bíbí, mo fẹ́ yàrá yìí kí n máa ránṣọ níbẹ̀. Mi ò sọ pé kò pọn dandan. Mi ò sọ pé bó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Mo fẹ́ ẹ ni."

"Ilé ẹbí ni!" Ashraf ké.

"Ilé mi ni," Bíbí wí. "Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú ni mo ti ń retí kí ẹnìkan nínú ilé yìí la ẹnu kó sọ ohun tó fẹ́. Nosrat, gbà á. Ashraf, dìde lórí tìmùtìmù yẹn kó ráyè gbé obìnrin rẹ̀ dúró."

Ashraf dìde, ó wọ bàtà, ó lọ sí ilé tirẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé e, Elaheh ló kẹ́yìn, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Odindi ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilé. Wọ́sáàpù ẹbí dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Lálẹ́ míràn Nosrat ń rò ó, ọkàn rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń tutù. Ṣùgbọ́n obìnrin aláìlórí dúró lójú fèrèsé nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ó rán fún un, àwọn obìnrin àdúgbò tó ń kọjá sì ń dúró wò ó. Ìyàwó olùkọ́ kan kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àti ọmọ. Nosrat yọ aṣọ ìkélé ilé ìdáná, ó fi rán àpò abẹ́rẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kẹrin, òrùka ara ilẹ̀kùn, èyí tí àwọn obìnrin ń kàn, tó yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, dún. Oníbàárà méjì ti wà ní ìjókòó. Ashraf ló wọlé, pẹ̀lú ìdì aṣọ sẹ́dà aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ apá.

"Mi ò wá fún nǹkan kan o," ó wí, ojú rẹ̀ ń wo àjà. "Mo ń kọjá lọ ni."

"Ẹ kú ìrìn, ìyálé mi," Nosrat dáhùn, kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. "Ó dàbọ̀ o. Ẹ kí Ahmad."

Ashraf dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ sí abẹ́ apá kejì. Ó padà wá, ó sì wo dọ́mì láti èjìká dé ìdí.

"Nosrat." "Mo fẹ́ kí o rán aṣọ ìdána fún ọmọ mi. Mo fẹ́ ẹ. Jọ̀ọ́."

Nosrat fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, ìyálé mi," ó wí. "Àwọn méjì ló ṣáájú yín."