Abọ́ Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tí wọ́n ti ń dàgbà ní ilé ìwòsàn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n fi kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ gbé jíìnì tuntun wọ inú wọn, kí ẹran tó ti kú lè tún hù. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an ni Dókítà fẹ́ gún wọn sí apá ọ̀tún àbúrò náà, apá tí kò lè gbé ṣíbí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ọmọ mi ti jẹun?" ni àbúrò rẹ̀ bi í lórí fóònù láàárọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti yó. Wọn ò ṣe wọ̀bìà bíi bàbá wọn."

Ọkọ Jẹ́jẹ́ ló ṣá apá náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Lọ́jọ́ tó ń lu ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àbúrò ìyàwó fọ́ ọ létí lójú àwọn oníbàárà. Ni ó bá fa àáké yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́ sójú kan náà. Orí ló yọ ọmọ náà tí kò fi kú.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gba onídùúró rẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ló já wọ yàrá iṣẹ́ Jẹ́jẹ́, tòun ti àáké. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wo apá náà sàn.

"Mo ní ọwọ́ yẹn ò ní gbé nǹkan mọ́ láyé! Èwo ni tiẹ̀ níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àáké yẹn sílẹ̀."

"Ìwọ kọ́ ni kó bẹ̀ mí. Ní kí àbúrò rẹ fi ọwọ́ òsì bẹ̀ mí!"

Ó fọ́ ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbá àwọn àwo kéékèèké inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bàtà rọ́bà rẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Jẹ́jẹ́ dì mọ́ ọn lápá. Ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn àáké gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tó dà sílẹ̀.

Ìgò sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ̀ kan péré ló kù, nínú àgbá òtútù, nínú omi tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Àṣà wọn ni láti máa tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ síbẹ̀. Ojú Jẹ́jẹ́ ló ṣòfófó: ó wo àgbá náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà rí i, ó rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó fi ẹ̀mú fa ìgò náà yọ, ó sì ti àgbá lu ọkọ rẹ̀. Omi òtútù ya kún bàtà rẹ̀ méjèèjì, èéfín funfun bo ilẹ̀. Igbe tó ké kò jọ ti ènìyàn.

"Ẹsẹ̀ mi! Omi gbígbóná, ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́!"

Abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, òun náà ni wọ́n fi ń yọ́ ìgò. Bí ìgò bá ti kúrò nínú òtútù, kíákíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ́ ọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì á kú. Ẹsẹ̀ tó ti di yìnyín á sì sọ omi náà di tútù.

Jẹ́jẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ sí èjìká. Ó ri ìgò sínú abọ́, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà ń wọ́ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ró gbà, gbà mọ́lẹ̀ bí igi.

"Ọkọ rẹ ni mí!"

"Mo mọ̀," ni ó wí. Yìnyín inú ìgò ni ó ń wò. Ó ti kù bí ẹyọ ìrẹsì kan.

Ó yọ ìgò náà. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ sítòsí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì sáré gbé ìgò náà lọ bá Dókítà.