Ariwo Inú Iṣan

Káfíńtà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbé gbogbo àga ilé wọn ga.

Onídìrí ni ìyàwó náà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà lórí ìdúró, apá rẹ̀ méjèèjì lókè orí oníbàárà. Nígbà tó yá, apá náà kò dúró lókè mọ́. Yóò di irun dé ìdajì, yóò ní òun fẹ́ mu omi. Lẹ́yìn náà ni itan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde.

Káfíńtà rí i. Ó gbé ayùn àti òòlù, ó kan pákó mọ́ ẹsẹ̀ àga gbogbo. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì náà ga. Bí ìyàwó bá ti rọra sún síwájú lórí àga báyìí, ó ti dìde nìyẹn.

"Ilé yìí ti di ilé òmìrán," ìyàwó wí.

"Òmìrán, jókòó, kí o má bàa já bọ́."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Dókítà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá bi í pé, "Ṣé ẹ lè dìde lórí àga fúnra yín?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò purọ́. Wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sinmi títí. Apá náà ń wálẹ̀ sí i. Bí okun rẹ̀ kò bá padà, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ òmíràn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n wá gbà lọ, àga tìmùtìmù kan wà. Ó rọ̀, ó sì lọ sílẹ̀. Ìyàwó jókòó. Wọ́n pè é. Kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú, ó rì padà sínú àga. Káfíńtà na ọwọ́ sí i.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!"

Dókítà obìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ má bínú, sà. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí n rí i."

"Ẹ̀yin yìí ò láàánú o," Káfíńtà wí.

"Àánú náà ni mò ń ṣe yìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń dìde nílé?"

Ìyàwó fi ẹnu júwe ọkọ rẹ̀. "Ẹ bi wọ́n. Àwọn ló sọ àga di òkè."

Káfíńtà ṣàlàyé. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Sà, ẹ ti fi pákó bo àìsàn mọ́lẹ̀!"

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé bíńtín lára iṣan itan rẹ̀, wọ́n gbé e lọ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà kò lè jókòó.

"Mà, iṣan yín kò gbó. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló fà á. Àwọn ọmọ ogun ara yín ló ń bá a jà."

"Ara mi ń bá ara mi jà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Mayosáítíìsì lorúkọ rẹ̀. Bí àrùn bá wọ ara, sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ rí i á tú èròjà kékeré kan jáde, táá fi ké sí àwọn yòókù. Sáítókáìnì là ń pè é. Irú rẹ̀ pọ̀. Òmíràn ń sọ pé ẹ máa bọ̀. Òmíràn ń sọ pé ó tó, ẹ máa lọ sílé. Lára tiyín, àwọn tó ń pe ogun kò dákẹ́. Àwọn ọmọ ogun ti wọ inú iṣan, wọ́n ń lù ú. Ẹ wá gbọ́ o! Iṣan tí wọ́n ń lù náà tún ń tú sáítókáìnì tirẹ̀ jáde. Igbe rẹ̀ ló ń pe àwọn tó ń lù ú wá sí i."

Ìyàwó fi ọwọ́ tẹ itan rẹ̀ wò. "Gbogbo ariwo yìí wà nínú mi, mi ò gbọ́?"

"Èmi ń gbọ́," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo rò pé ẹnu ẹ ló ti ń wá ni."

Oògùn méjì ni wọ́n kọ fún un. Èkíní á pẹ̀tù sí gbogbo ìjà náà. Bí ìyẹn kò bá tó, èkejì á di àwọn ọmọ ogun létí, kí igbe má wọlé.

"Ṣùgbọ́n ariwo yìí náà ló ń ṣọ́ ilé," dókítà kìlọ̀. "Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àrùn mìíràn lè yọ́ wọlé. Ibà díẹ̀ báyìí, ẹ sáré wá."

"Àwọn àga ńkọ́?" Káfíńtà béèrè. "Ṣé kí n gé wọn?"

"Ẹ rọra. Bí wọ́n bá ti ń dìde wọ́ọ́rọ́, ẹ bù díẹ̀ kúrò."

Oògùn èkíní mú kí ojú ìyàwó wú. Ó jẹ́ kí ebi máa pa á ṣáá. Okun kò wá. Wọ́n fi èkejì kún un. Káfíńtà ń pọ́n ayùn, kò rí nǹkan gé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, igbe ta ní pálọ̀.

"Ẹ gbé ayùn wá! Ẹ gbé ayùn wá o!"

Káfíńtà sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó wà lórí ìdúró. Kò di nǹkan kan mú. Ọkọ bù díẹ̀ lára ẹsẹ̀ àga, ìyàwó jókòó, ó tún dìde. Ọkọ ti tún gbé ayùn lé e.

"Ẹ ní sùúrù! Àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ kí n jókòó sí?"

Láti ọjọ́ náà, eruku pákó kò tán ní pálọ̀. Wọn kò bìkítà.

Itan ti ń gbádùn, ṣùgbọ́n itan kì í ṣe apá. Bó bá gbé òòyà sókè, á dé ẹ̀gbẹ́ etí, á dúró níbẹ̀. Ìyàwó gbé e sínú báàgì, kò yọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn máa lo oògùn náà lọ, tàbí kí àwọn pa á tì.

"Ẹ gbé apá yín sókè, mà. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Apá gbéra. Ó kọjá àyà. Ó kọjá èjìká, ó ń gbọ̀n. Ó kọjá etí. Káfíńtà ti dìde. Kò mọ̀ pé òun dìde.

"Ó dúró!" ó kígbe. "Dókítà, ó dúró!"

"Mo rí i, sà. Ẹ jẹ́ n ka aago."

"Aago kí ni? Ẹ wò ó!"

Apá kò wálẹ̀. Dókítà gbàgbé aago, ó ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó nìkan ni kò pariwo. Orí dókítà ló tẹjú mọ́.

"Dókítà, ta ló di irun yìí fún yín?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ó hàn. Ẹ jókòó."

"Mà, àwọn èèyàn ń dúró dè mí níta."

"Wọ́n á dúró."

Káfíńtà ti fa àga. Dókítà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó jókòó. Ìyàwó yọ òòyà nínú báàgì, ó na apá sókè, ó la irun náà láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Ẹ tẹríba," ó wí. "Ẹ má mira."