Búrọ́ọ̀ṣì Mẹ́ta fún Gbémiga

"Gbogbo wọn rí bákan náà lójú mi, Bàbá," ni Babájídé wí.

"Ojú kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Na ọwọ́ rẹ."

Babájídé na ọwọ́. Olújìmí ti búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ bọ omi gbígbóná, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọkùnrin náà. Ogójì ọdún ló ti fi ń fá irùngbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n kò ṣí i fún oníbàárà kankan láti Ọjọ́rú, tí ọkọ̀ tó ń gbé Gbémiga, ọmọ rẹ̀, bọ̀ láti Èkó forí sọ tírélà nítòsí Kọ́bapẹ́. Àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò sin ín. Ẹbí ti sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: òbí kì í fojú kan òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í dé ibojì rẹ̀. Babájídé, ọ̀rẹ́ Gbémiga láti kékeré, tó ti dé mọ́ṣúárì lẹ́ẹ̀kan, ni yóò padà lọ láti wẹ̀ ẹ́, kí ó sì fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí Olújìmí fi ní kí ó wá kọ́ṣẹ́ ọ̀sán kan.

"Báwo ló ṣe rí lára?"

"Ó ń gún mi."

"Irun ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, òun ló le jù. Ó ń gún èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń mú ọṣẹ hó dáadáa, òun ló sì ń gbé irun dìde fún abẹ. Irùngbọ̀n Gbémiga le bí ìgbálẹ̀." Ó mú èkejì. "Irun ẹ̀gbẹ́ nìyí. Ẹ̀kẹta yìí, irun ikùn ni. Ó rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Á mu omi yó tán, á wá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Bíi Gbémiga lọ́jọ́ Sátidé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Rodiat, aládìrẹ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, gbé omi gbígbóná mìíràn wọlé. Lójoojúmọ́ ló máa ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Gbémiga, ẹ gbé irun ẹlẹ́dẹ̀ yín jìnnà sí mi o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni!" Lónìí, ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn búrọ́ọ̀ṣì náà gan-an, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá," ó sì jáde. Ó wu Olújìmí kí obìnrin náà pariwo bó ti máa ń ṣe.

"Ó yá, èwo ni wàá mú?"

"Èyí tó rọ̀, Bàbá."

"Ṣebí mo ní kò lè gbé irun dìde?"

"Èyí tó rọ̀ náà ni mo fẹ́."

Olújìmí wò ó. "Ṣé Gbémiga ní egbò lójú ni?"

Babájídé fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Òsì."

"Ó tán, nígbà náà. Fi èyí tó rọ̀ sí òsì, kí o fi èyí tó le sí ọ̀tún." Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó fi ìfófòó ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ó sì na abẹ sí Babájídé. "Dán an wò lára mi. Kọ́kọ́ fa awọ náà kó tẹ́."

Babájídé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó náà. Ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Bàbá, ọ̀tún náà..."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Kò sí ibi tí a fẹ́ fi abẹ kàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì dì í láti orí dé ọrùn. Wọ́n ní ká má tú u."

Láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú Gbémiga tó ń sùn ni Olújìmí ń rí lọ́kàn. Ó wá ojú náà báyìí, kò rí i mọ́. Lóde, àwọn aládìrẹ ń lu aṣọ.

"O wá jẹ́ kí n máa kọ́ ọ láti ọ̀sán."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Inú yín dùn díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ́ mi. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

Ọṣẹ náà ti ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ Olújìmí.

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá?"

"Ọwọ́ Gbémiga. Ṣé ó wà?"

"Ó wà, Bàbá. Méjèèjì. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n."

Olújìmí dìde, ó fi táwẹ̀lì nu ojú rẹ̀ láì fá a. Ó fi èyí tó rọ̀ sílẹ̀. Èyí tó le jù ló mú, ó sì fi áńkáṣífù tó mọ́ wé e pọ̀ mọ́ ọṣẹ.

"Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe l'Ékòó, yíǹkì kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kì í jẹ́ kó fi ọwọ́ náà kan búrẹ́dì. Búrọ́ọ̀ṣì yìí ni kí o fi fọ ìka kọ̀ọ̀kan. Má kánjú."

Babájídé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Tó o bá ṣe tán," ni Olújìmí wí, "má dá búrọ́ọ̀ṣì náà padà wá fún mi."