Tíì Díẹ̀ Nínú Ife

Ìjọba Samarkand ní kí oníkálukú gé àjàrà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo àdúgbò búra pé àwọn á bá Ergash lọ fẹ̀hónú hàn. Òun nìkan ló dé ọ́fíìsì. Ẹlẹ́nu méjì gbogbo! Nígbà tó fi padà, wọ́n ti gé tiwọn, wọ́n sì ti gé tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Holida, tó kọ́kọ́ gé tirẹ̀, pè é wọlé.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Ṣáà jókòó."

Ní Samarkand, tí wọ́n bá da tíì kún ife fún àlejò, kó máa lọ nìyẹn. Díẹ̀ ni màmá dà. Ergash mu ún tán. Díẹ̀ náà ló tún dà.

"Ẹ ṣeun, màmá."

Nígbà tí tíì tán, màmá tún gbé omi kaná.