Lẹ́tà Ojú Màámi

Mo sùn lọ́sàn-án àná, àlá kan sì gbé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín kí n tó parí ẹ̀.

Èmi àti màámi la dúró lẹ́nu ọ̀nà dókítà ojú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú màámi ti ń ṣe bàìbàì láti ìgbà ọyẹ́. A kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ló dá wa lóhùn.

"Lẹ́tà dà?"

"Lẹ́tà wo, sà?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yín, kí wọ́n kọ̀wé rán yín wá. Bí kò bá sí lẹ́tà, dókítà ò lè rí yín. Ìrọ̀lẹ́ òní ló sì ń lọ, ó di oṣù tó ń bọ̀."

Màámi ò bá a jiyàn. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó bá yọ ojú rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sínú kúlà oúnjẹ, ó dé e pa.

"Máa gbé wọn lọ, Dúródọlá. Má jẹ́ kí wọ́n tutù o."

Mo gba kúlà náà bí ẹni gba ìrẹsì.

Ilé ìwòsàn àdúgbò wa ti gbéra nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè oko ẹ̀gẹ́, nọ́ọ̀sì kan sì fi gèlè so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo di gèlè náà mú, mo gùn ún. Àwọn tó wà lórí ìlà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ wọn ń fì lófuurufú.

"Ẹ̀yìn mi lo wà o," ìyá àgbà kan wí. "Àárọ̀ ìjẹta ni mo ti dé."

Ìlà náà kò lọ síwájú. Ó kàn yí po, mo bá ara mi níwájú akọ̀wé. Bí akọ̀wé ṣe ń wò mí, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Irùngbọ̀n yẹn ni mo wò, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Orúkọ aláìsàn?"

"Màámi ni, sà."

"Mẹ̀ẹ̀! Gbogbo wa la ní màámi. Orúkọ!"

"Ìyá Dúródọlá."

"Orúkọ tìẹ nìyẹn. Ṣé ojú tìẹ ló ń dùn ẹ́?"

Mo mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì fi ẹnu mi pè é rí. Mo wẹ̀yìn wò, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Òbúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé tó fẹ́ fi kọ lẹ́tà wa, láti etí. Kúlà ń tutù lọ́wọ́ mi.

"Sà, ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mò ń ṣiṣẹ́," ó wí, ó ń jẹ lọ.

Ojú màámi kan ìdérí kúlà láti inú. "Pè mí, ọmọ mi. Mo fún ẹ láyè."

"Abọ́sẹ̀dé," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Òbúkọ kì í gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́," ojú màámi wí.

"Abọ́sẹ̀dé!" mo figbe ta.

Gbogbo ìlà káwọ́ lérí. "Háà! Ó pe ìyá ẹ̀ lórúkọ gbàǹgbà!" Gèlè tú. Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́.

Mo ta jí. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri, kò ju ìṣísẹ̀ méjì sí mi lọ.

"Ta ló ń fi orúkọ pè mí?"

"Èmi ni, mà."

Ó kọjú sí ibi tí n kò sí, ó ń fojú wá mi.

"Ìwọ ta?"