Ẹfun Tí Kò Lẹ̀ Mọ́ Aṣọ

Janet ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun ẹfun sí èèpo kòkó gbígbẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Nínú ọgọ́ta èèpo tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì l'Árámọkọ, mẹ́sàn-án péré ló kù. Kò ju wákàtí méjì lọ mọ́ kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló fi èèpo kòkó ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí. Ó wu gbogbo ènìyàn, àfi ìgbà tí Bàbá Ìjọ, Bàbá Ilésanmí, gba ibẹ̀ wọlé, tí ẹfun sì bo èjìká kóòtù dúdú tó rán fún ọjọ́ òmìnira. Ẹ̀rín pa ìjọ títí orin fi dàrú. Bàbá ní bí ẹfun bá tún kan aṣọ ẹnikẹ́ni, òdòdó bébà láti Iléṣà ni wọn yóò máa lò, àwọn obìnrin kò sì ní fọwọ́ kan ọ̀ṣọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Janet. Èèpo kòkó ń jẹrà lóko gbogbo ayé, wọ́n wá fẹ́ lọ ra bébà!

Ìbíyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń so èyí tó ti gbẹ mọ́ okùn. "Ìyàwó Tíṣà, ṣé o ti wá ọṣẹ tí Bàbá yóò fi fọ kóòtù?"

"Ẹnu rẹ yá ju ọwọ́ rẹ lọ. So okùn."

"Mo ń so ó. Ẹfun tọdún yìí mà ki o! Àbí ẹ̀kọ lo fẹ́ fún wa jẹ?"

"Sítáàṣì ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣẹ́kù nígbà tí mo lọ ẹ̀wù àwọn akọrin. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Nígbà tí mẹ́sàn-án tó kù gbẹ, wọ́n gun àga, wọ́n gbé ọ̀ṣọ́ náà kọ́ yí ẹnu ọ̀nà ká. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Bàbá Ilésanmí fi dé, kóòtù yẹn náà lọ́rùn. Ó fi èjìká ti èèpo kòkó, ó fi ra á lẹ́ẹ̀mejì, ó yí èjìká sí oòrùn.

Kóòtù dúdú kirikiri.

"Kí lo pò mọ́ ọn?"

"Sítáàṣì ni, Bàbá. Òun ló mú ẹfun lẹ̀ mọ́ èèpo."

"O ò ṣe fi í sí i lọ́dún tó kọjá?" Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ará Iléṣà jókòó ti bébà wọn."

Ìbíyẹmí pariwo ayọ̀. Janet kó èèpo mẹ́ta tó fọ́ sínú agbọ̀n, nítorí eérú wọn yóò wúlò fún ọṣẹ, ó gbé e karí, ó sì gba ilé lọ wẹ̀.