Jẹ́jẹ́ àti Bàbá Aláago

Bàbá Aláago kò fẹ́ràn Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ náà kò sì fi í pa mọ́ rárá pé òun kò rí ti Bàbá Aláago rò.

Ẹyẹ ni Jẹ́jẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní kónúọ̀ ni, ìbátan ayékòótọ́, àmọ́ kò tóbi tó ayékòótọ́. Tòun tìrù, kò gùn ju ṣíbí ìdáná lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ewé, àyà rẹ̀ pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ìyàwó Bàbá Aláago ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tó gbé e wọlé. Bóyá ó rò pé orúkọ á ro ọmọ. Orúkọ kò ro ọmọ yìí o. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, igbe tó máa ta á jí gbogbo ojúlé.

“Ilé yìí kò gba aláriwo méjì,” ni Bàbá Aláago máa ń wí.

“Ta wá ni ìkejì?” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í.

Yàrá iwájú ilé ni Bàbá Aláago ti ń tún aago ṣe. Aago ògiri, aago ọwọ́, aago orí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń ké ki-ki-ki bí ìrì tó ń kán. Iṣẹ́ tó gba ìdákẹ́jẹ́ ni. Yàrá ẹ̀yìn ni ti ìyàwó rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ti Jẹ́jẹ́. Ìyàwó a máa hun ṣúẹ́tà níbẹ̀, ẹyẹ a sì wà léjìká rẹ̀, a máa tú òwú tí ìyá rẹ̀ ń hun. Láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn kan wà tí Bàbá Aláago kì í ṣí sílẹ̀.

Ìgbà tí ọmọbìnrin wọn bímọ ní ìlú òkèèrè ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá ọmọ tuntun nílò ìyá tirẹ̀. Ìyàwó Bàbá Aláago di ẹrù, ó sì pe ọkọ rẹ̀ sídìí kéèjì ẹyẹ náà.

“Èso ni kó jẹ láàárọ̀, hóró díẹ̀ lọ́sàn-án. Má fún un ní píà o, májèlé ni fún un. Má fún un ní ṣokoléètì, má fún un ní ohunkóhun tó níyọ̀. Máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, má gbé e kaná nínú ilé yìí, bí ó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ á pa á. Máa ṣí kéèjì fún un kó na apá. Kí o sì máa bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí ni kí n máa bá ẹyẹ sọ?”

“Gbogbo ohun tí o kì í bá èmi sọ,” ni ìyàwó fèsì, ó gbé báàgì, ó wọ mọ́tò.

Bàbá Aláago tọ́jú ẹyẹ náà bí wọ́n ṣe ní kó tọ́jú rẹ̀. Ó gé ápù wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé e fún ọmọ ọba. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó mú ápù, ó jù ú sílẹ̀. Ó na ìka sí i, Jẹ́jẹ́ bù ú jẹ. Ó ki ìka kejì, ìyẹn náà jẹ ìyà tirẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀mú mú skúrù tí kò tóbi ju ojú èèrà lọ, ó wá di ẹni tó fi báńdéèjì wé ìka méjì. Nígbà tí oníbàárà kan bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ilẹ̀kùn ló há òun lọ́wọ́.

Lálẹ́, ìyàwó rẹ̀ pè. Bàbá Aláago tẹ fóònù kó sọ̀rọ̀ síta kí ẹyẹ lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀! Jẹ́jẹ́ fò mọ́ irin kéèjì, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Nígbà tí ìpè náà parí, ó ké títí, kó tó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà burú ju igbe lọ.

Láti ìgbà náà lọ, Jẹ́jẹ́ kò jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Aláago bá ìyẹ́ pupa nílẹ̀ kéèjì. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni. Ó wá rí i kedere: Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba, ó fa ìyẹ́ kan tu láyà ara rẹ̀, ó sì jù ú nù. Àmì awọ funfun kan ti yọ níbẹ̀.

Àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á. Ó gbé e lọ bá dókítà ẹranko, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó yẹ apá rẹ̀ wò, ó gbọ́ àyà rẹ̀.

“Bàbá, ara rẹ̀ le. Ọkàn rẹ̀ ni kò le. Irú ẹyẹ yìí kì í dá gbé. Nínú igbó, agbo ńlá ni wọ́n máa ń wà. Níbo lẹ ń gbé e sí?”

“Yàrá ẹ̀yìn.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“Yàrá iwájú.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, Bàbá. Ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn.”

Bí Jẹ́jẹ́ ṣe dé yàrá iwájú, ibi tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nìyẹn. Bàbá Aláago gbé kéèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, “Má pariwo o. Ibi iṣẹ́ nibí.” Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Àfi oníbàárà àti dókítà, kò sí ẹni tó ti bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Jẹ́jẹ́ kò pariwo. Aago ló ń gbọ́. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò pẹ́, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ki-ki-ki. Lẹ́yìn náà ló kọ́ igbe aláàmù, ó sì kọ́ ọ dáadáa débi pé Bàbá Aláago tú aago orí tábìlì kan palẹ̀ lódindi, ó ń wá ìdí tó fi ń ké láìjẹ́ pé àsìkò tó. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó bá Jẹ́jẹ́ tó ń ké aláàmù, tó sì ń mi orí bí ẹni ń jó.

Ẹ̀rín gbá a mú, ó rín in títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sórí tábìlì.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, tàbí ká ní Bàbá Aláago ń sọ, Jẹ́jẹ́ ń dáhùn bó ṣe wù ú. Ó sọ fún un nípa oníbàárà tó máa ń ju aago mọ́lẹ̀ tó bá bínú. Ó sọ fún un pé ilé ti tóbi jù láti ìgbà tí ìyá wọn ti lọ, pé tíì tí òun ń pò fúnra òun kì í dùn. Ọ̀sán ọjọ́ tó sọ èyí ni Jẹ́jẹ́ rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kéèjì, ó tẹ orí sílẹ̀, ó ṣe ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ wúruwùru. Bàbá Aláago na ìka tó ti jinná. Ó rọra yún un lórí. Ẹyẹ náà pa ojú dé. Àgbà ọkùnrin náà rọra ń mí, kí èémí rẹ̀ má bàa lé e.

Ìyẹ́ tuntun hù láyà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wá ń wà léjìká Bàbá Aláago bó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń jí skúrù, ó ń gbé e sínú ago tíì. Ara wọn mọ́ra débi pé Bàbá Aláago gbàgbé pé ẹyẹ ní apá.

Ọ̀sán kan, oníbàárà kan ṣílẹ̀kùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni aago ògiri ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá lù gbà-ǹ! Jẹ́jẹ́ ta jáde bí òkò. Kó tó di pé Bàbá Aláago bọ́ síta, ẹyẹ ti wà lórí igi gíga tó wà níwájú ilé alágbàfọ̀ òdìkejì òpópónà.

“Jẹ́jẹ́! Sọ̀kalẹ̀!” Ẹyẹ wò ó, kò mira. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Wọ́n gbé àkàbà wá, kò débẹ̀. Bàbá Aláago fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀.

“Jọ̀ọ́, má bínú. Ó wà lórí igi.”

Ìyàwó kò bínú. “Kọ orin rẹ̀ fún un.”

“Orin wo?”

“Èyí tí mò ń kọ fún un láràárọ̀. O ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, má puró fún mi.”

Lóòótọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ó wo èrò, ojú tì í, ó sì la ẹnu:

“Jẹ́jẹ́ o, Jẹ́jẹ́ mi,
ilẹ̀ ti mọ́, oúnjẹ ti jinná,
wá jẹun, wá bá mi ṣeré.”

Ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò fẹnu kan epo rí. Àwọn èrò kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, wọn kò rí i pa mọ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n bá a gbè é. Òpópónà di ilé orin. Jẹ́jẹ́ sọ̀kalẹ̀ sórí ẹ̀ka kejì, ó gbọ́ orin dáadáa, ó sì jókòó pa síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ìwòran.

Bàbá Aláago kọrin títí ohùn fi há. Ó jókòó sórí àpótí alágbàfọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Ẹ fi nǹkan panu, Bàbá,” ni alágbàfọ̀ wí, ó sì na ápù kan sí i. “Á ti rẹ ẹ̀yin náà.”

Bàbá Aláago gé ápù náà jẹ, kà-rọ̀, láìronú. Kò tíì gbé e mì nígbà tí nǹkan bà lé e lórí pípá. Èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹsẹ̀ kan gún un, ti èkejì gún un. Orí kékeré kan tẹ̀ wálẹ̀ níwájú ojú rẹ̀, ó ń wo ápù. Kónúọ̀ wo ló máa rí ẹni tó ń jẹun tí kò ní bá a pín? Bàbá Aláago rọra fún un ní díẹ̀, ó rọra dìde, ó sì rìn kọjá òpópónà bí ẹni ru ìkòkò omi. Èrò pàtẹ́wọ́ láìjẹ́ kó dún. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi aṣọ ìkélé síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣí kéèjì mọ́ láìkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó dé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Jẹ́jẹ́ mi!” Jẹ́jẹ́ wò ó látòkè délẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó na ìka sí i, ó bù ú jẹ, ó sì fò lọ sórí Bàbá Aláago.

“Àṣé orogún ni mo fi sílé,” ni ìyàwó wí. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ.

Bàbá Aláago dúró. Ó mọ bó ṣe ń ṣe ẹni nígbà tí ẹyẹ yẹn bá kọ̀yìn síni. Ó gbé Jẹ́jẹ́ sínú kéèjì, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé àga ìyàwó rẹ̀ tòun ti agbọ̀n òwú rẹ̀, ó sì ń gbé e bọ̀ ní yàrá iwájú.

“Níbo lò ń gbé àga mi lọ?”

“Ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ ń bínú sí ẹ pé o pẹ́ ni. Á bọ́ nínú rẹ̀.” Ó gbé àga kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. “Lójú tèmi náà, o pẹ́ jù.”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tó gbọ́ èdè tuntun. “Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sọ?”

Bàbá Aláago fi ẹnu tọ́ka sí kéèjì.

Ó gba sùúrù. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí òwú, lẹ́yìn náà ló gba ápù lọ́wọ́ ìyàwó, lẹ́yìn náà ló gun èjìká rẹ̀ bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí. Tọkọtaya náà wá ń jà sí ẹni tó kàn láti fọ kéèjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, oorun gbé ìyàwó lọ lórí àga. Jẹ́jẹ́ ti rá pálá wọ inú kọ́là ṣúẹ́tà rẹ̀, ìrù nìkan ló yọ síta. Bàbá Aláago dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ti aláàmù pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan ṣílẹ̀kùn, omi ń kán lára agbòòrùn rẹ̀.

“Bàbá, aago mi ń—”

Bàbá Aláago fi ìka lé ètè. “Padà wá lọ́la,” ló sọ wúyẹ́. “Àwọn ará ilé mi ń sùn.”